Ṣé ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè jù ló yẹ kó ṣe máníjà ilé oúnjẹ?

Ó wọ́pọ̀ gan-an, èèyàn á ṣí ilé oúnjẹ, ọjà á máa yá, ó wá fẹ́ sinmi díẹ̀ tàbí kó ṣí ẹ̀ka kejì, ó nílò máníjà, ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni alásè tọ́bẹ̀ ẹ̀ ń fa kọ́sítọ́mà wá. Á ní "ṣebí oúnjẹ là ń tà, ta ló tún mọ̀ ọ́n jù ú lọ?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí o, àmọ́ irọ́ ni, ó sì ti jẹ owó ọ̀pọ̀ èèyàn.

Mo mọ ibi tó ti wá. Ní bùkà, ìyá olóúnjẹ ló ń lọ ọjà, òun ló ń dáná, òun náà ló ń gbowó. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alámàlà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀, ẹ wò ó dáadáa, ẹlòmíì lè máa bu àmàlà, ẹlòmíì lè máa da ewédú àti gbẹ̀gìrì sí i, ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò ẹran, màmá fúnra ẹ̀ ló sábà máa ń jókòó síbẹ̀, tàbí ọmọ ẹ̀. Ó mọ iye ẹran tó wọnú ìkòkò láàárọ̀, ó mọ iye tó kù. Òun ni alásè, òun ni máníjà, ìyẹn làwọn èèyàn ṣe rò pé iṣẹ́ kan náà ni. Ọjọ́ tí màmá bá dìde nídìí ìkòkò yẹn ni iṣẹ́ méjèèjì máa pínyà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrẹsì ṣe é, torí ibẹ̀ lowó ti ń jò tẹ́nikẹ́ni ò ní fura. Àpò kílò 50, tí wọ́n bá sè é tán, ó máa ń wúwo tó ìlọ́po méjì àtààbọ̀ sí mẹ́ta, ká mú un ní kílò 125. Tí ṣíbí kan bá jẹ́ gíráàmù 250, ṣíbí 500 ló yẹ kó jáde. Ọmọ tó ń bu oúnjẹ wá lawọ́, ó ń fi gíráàmù 25 péré ṣe èènì lórí ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ojú lásán ò lè rí i, àmọ́ bíi 454 ló máa jáde, ṣíbí 46 ti wọgbó, kò sì sẹ́ni tó jalè. Alásè máa ní ìrẹsì náà dùn, kò jóná, òótọ́ ló sọ, iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Máníjà ló yẹ kó bèèrè pé ṣíbí 46 dà?

Kò tíì tán o. Alápatà gbé ẹran dé, ṣé ó gbé e sórí ìwọ̀n àbí ó kàn fọwọ́ sọ ọ́ wò? Kọ́sítọ́mà ní òun ti ṣe tránsífà, ṣé owó ti wọ àkáǹtì àbí fóònù onítọ̀hún nìkan ló wò? Wọ́n mú iná lọ, ẹja kún fíríìsà, ẹni tó mọ̀ pé fíríìsà tó kún dáadáa lè gbé e tó wákàtí 48 téèyàn ò bá ṣáà ti ṣí i, á lẹ bébà mọ́ ọn pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ẹni tí ò mọ̀ á máa ṣí i wò ṣáá bóyá ó ti ń yọ́. Ti ìjà ẹni tó ń fọ abọ́ àti ẹni tó ń gbé oúnjẹ ńkọ́? Ìyẹn nìkan tó iṣẹ́ odindi èèyàn kan.

Tẹ́ ẹ bá sì fa alásè kúrò nídìí iná, ọbẹ̀ á yí padà. Kọ́sítọ́mà ò ní bá yín jà, wọn ò kàn ní wá mọ́ ni. (Àwọn míì tún wà tó jẹ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n á fi síbẹ̀, wọ́n ní ará ilé ẹni ò lè jíni lówó. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì nìyẹn, àmọ́ ẹ gbìyànjú láti lé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín níṣẹ́ ná, ẹ ó rí bí ìpàdé ẹbí ṣe ń rí.)

Tẹ́ ẹ bá ń wá máníjà, ẹ má wulẹ̀ bèèrè bóyá ó mọ jọ̀lọ́ọ̀fù sè. Ẹ fún un ní bírò, kó ṣírò ìrẹsì tí mo ṣe lókè yẹn. Ẹ ní kó wá láàárọ̀ kùtù nígbà tí ọjà ń wọlé, kẹ́ ẹ sanwó ọjọ́ náà fún un, kẹ́ ẹ wá wo ohun tójú ẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ bá. Ẹni tó bá bèèrè pé ìwé tí wọ́n ń kọ ọjà sí dà, ẹ má jẹ́ kónítọ̀hún lọ. Mi ò ní kó má mọ oúnjẹ rárá o, tí ò bá lè dá ọbẹ̀ tó ti fẹ́ kan mọ̀, kò wúlò.

Ẹ kọ lẹ́tà fún un kó tó wọṣẹ́. Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tó sọ iye ọjọ́ nóòtíìsì kíṣẹ́ tó bọ́, àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé ló wà fún, ẹni tó ń ṣàkóso ò sí lára wọn, torí náà ohun tẹ́ ẹ bá kọ sínú lẹ́tà yẹn lẹ máa dì mú lọ́jọ́ tọ́rọ̀ bá dójú ẹ̀: iye owó oṣù, iye ọjọ́ nóòtíìsì, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ máa wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ní ti alásè, ẹ fowó kún owó oṣù ẹ̀ níbi tó wà, tó bá tiẹ̀ gbà ju máníjà lọ, kí ló burú níbẹ̀?