Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ọ̀gá gbogbo ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, láti Àkókó títí dé etí òkun Ìlàjẹ. Olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìgbátọ́rọ̀, ní Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, Èkìtì sì wà nínú rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá ọdún 1996.

Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà wọṣẹ́ ọlọ́pàá: kọ́ńsítébù tó kéré jù, kádẹ́ẹ̀tì (ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ láti di) ìnísípẹ́kítọ̀ àti kádẹ́ẹ̀tì ASP, ipò tó ga ju ti ìnísípẹ́kítọ̀ lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ASP ní láti gba ipò márùn-ún kọjá, ìyẹn DSP, SP, CSP, ACP àti DCP, kó tó di kọmíṣọ́nnà. Ti ẹni tó wọlé ní kọ́ńsítébù tún gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, òfin kò sì dúró de ẹnikẹ́ni: bí ọlọ́pàá bá ti pé ẹni 60 ọdún, tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé, ilé ló kàn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọdún tó ṣẹ́ kù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di kọmíṣọ́nnà kì í sábà pọ̀. Gbogbo wọn kọ́ ló sì ń rí ìpínlẹ̀ gbà. Ọ́fíìsì ni wọ́n ń fi àwọn mìíràn sí.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù ni ti ẹni tó ń pàṣẹ. Abala 214 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní. Abala 215 gbà kí gómìnà pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà lórí ààbò ìlú, ó sì ní kó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n abala yẹn kan náà fún kọmíṣọ́nnà láyè láti ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Àbújá ló ń san owó oṣù rẹ̀, Àbújá náà ló lè gbé e kúrò. Gómìnà tí aráàlú ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ lè ra ọkọ̀ fún ọlọ́pàá, àmọ́ kò lè yọ ọ̀gá wọn nípò.

Oṣù kẹjọ ọdún 1983 fi èyí hàn kedere. Àjọ elétò ìdìbò kéde Akin Ọmọ́bóríowó ti NPN, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣe ìjọba àpapọ̀, ẹni tó ti ṣe igbákejì gómìnà rí, pé òun ló borí Adékúnlé Ajáṣin ti UPN. Iná sọ ní Àkúrẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn, ẹ̀mí ṣòfò. Ajáṣin ni gómìnà lásìkò náà, ṣùgbọ́n Sunday Adéwùsì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tí ìjọba àpapọ̀ yàn, ni ọlọ́pàá ń gbọ́ tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajáṣin. Àwọn sójà sì gbàjọba lọ́jọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà.

Láti ọdún 2020 ni Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́pàá, abẹ́ gómìnà gan-an ni ọ̀gá wọn sì wà. Adétúnjí Adélẹ́yẹ ni Rótìmí Akérédolú, gómìnà ìgbà náà, fi ṣe ọ̀gá wọn ní Oǹdó. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn pa èèyàn tó lé ní 40 nínú ìjọ Kátólíìkì ní Ọ̀wọ̀, lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, Akérédolú bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní gbangba pé kí wọ́n jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn ńlá. Ẹ̀ṣọ́ tó ń gbọ́ràn sí gómìnà lẹ́nu kò ní irú ìbọn tí ọlọ́pàá ní, ọlọ́pàá tó ní in kì í ṣe ti gómìnà.

Ipò AIG, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, ló kàn lẹ́yìn kọmíṣọ́nnà. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ tún lè bá ara rẹ̀ ní Àkúrẹ́, nítorí ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ Ẹkùn 17 ti ọlọ́pàá wà, tó kó Oǹdó àti Èkìtì pọ̀.