Agogo Tó So Ìtàn Púpọ̀ Pọ̀ Nínú Fíìmù Aláwàdà

Àwọn kan gbà pé fíìmù aláwàdà tí òṣèré pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ní ìtàn, pé ńṣe ni wọ́n kàn kó aláwàdà jọ tí oníkálùkù sì ń sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá, fíìmù Wet Hot American Summer tó jáde ní ọdún 2001 sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìtàn rẹ̀ dá lé, ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1981, ọjọ́ ìkẹyìn ní ibùdó ìsinmi àwọn ọmọdé kan ní Maine, ní Amẹ́ríkà. Coop ń wá ojúrere Katie, àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó ń bójú tó ọmọ níbẹ̀, ọkàn Beth tó jẹ́ ọ̀gá ibùdó ń fà sí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń gbé nítòsí, alásè sì ń bá agolo ẹ̀fọ́ sọ̀rọ̀. Agogo ló so wọ́n pọ̀, nítorí òwò ọkàn yòówù tí ẹnikẹ́ni bá ní níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ parí kí àwọn ọmọ tó padà sílé.

Ibi tí ọgbọ́n wà jù ni bí wọ́n ṣe ń ya irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń hun òfì kì í hun odidi aṣọ lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ló ń hun, a óò wá gé e, a óò rán etí rẹ̀ pọ̀, ìgbà náà ni bátànì tó máa ń hàn. Bákan náà ni wọ́n máa ń ya ìran tó bá jọ wà lójú kan pọ̀, ìbáà ṣe pé òwúrọ̀ ni ọ̀kan, tí èkejì sì jẹ́ alẹ́. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ya èyí ní Pennsylvania, òjò sì rọ̀ ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, bíi pé aró kán sí òwú ahunṣọ. Òjò ń rọ̀ lẹ́yìn fèrèsé, ṣùgbọ́n bí òṣèré bá ti jáde síta, oòrùn ti ràn. Èémí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń rú bí èéfín nínú ohun tó yẹ kó jẹ́ ìgbà ooru. Síbẹ̀ aṣọ náà kò tú, nítorí pé nígbà tí a bá fi Coop sílẹ̀ lọ bá alásè, ojú ọ̀run lè yí padà kí a tó padà dé. Fíìmù tí kámẹ́rà rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ akọni kan ṣoṣo kò ní irú ibi ìsápamọ́ bẹ́ẹ̀.

Àbùkù ètò yìí ni pé aṣọ ẹlòmíràn máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Inú fíìmù yìí ni òṣèré Bradley Cooper ti kọ́kọ́ ṣe fíìmù, gẹ́gẹ́ bí Ben, ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó ọmọ. Ìfẹ́ Ben àti McKinley, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó, jinlẹ̀ ju àkókò tí wọ́n fún wọn lọ.