Ta Ló Kọ́kọ́ Tọ́jú Eyín Ọmọdé?

Bábílónì ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára amọ̀ níbẹ̀ pé kòkòrò kan sunkún lọ bá òòṣà Ea pé kí ni òun yóò máa jẹ. Wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ tó pọ́n lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Àárín eyín àti erìgì ló ní òun fẹ́ máa gbé. Títí dòní, bí eyín ọmọ bá dúdú tó sì lu, "kòkòrò ti jẹ ẹ́" náà là ń wí. Èmi ò rò pé irọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ pa. Iṣan inú eyín funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ̀ bí ekòló. Ó lè jẹ́ òun ni ìyá kan rí nínú eyín tí wọ́n fà yọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Ìgbà tí eyín ń hù ni wọ́n fojú ọmọ rí màbo jù. Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ ọba ilẹ̀ Faransé, la erìgì òkú ọmọ olóṣù mẹ́jọ kan, ó bá eyín lábẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ yọjú, ó ní líle erìgì ló pa á. Ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni wọ́n fi ń la erìgì ọmọ-ọwọ́ kiri lẹ́yìn rẹ̀. Eyín tó ń hù kì í pa ọmọ! Àìsàn mìíràn ló ń bá àkókò náà rìn.

Àwọn kan a máa dárúkọ Joseph Hurlock, tó tẹ ìwé lórí eyín ọmọdé ní London ní 1742. Abẹ kan náà lòun náà ń polówó. Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ní ilẹ̀ Faransé, tako ọ̀rọ̀ kòkòrò ní 1728, ẹni ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ló gba iṣẹ́ rẹ̀ jù.

Robert Bunon, oníṣègùn eyín ní ilẹ̀ Faransé, ni tèmi. Ní 1743, ó kọ ọ́ pé ihò wẹ́wẹ́ àti ilà tó máa ń bá eyín hù, àìsàn ìgbà èwe ló fà á, bíi ṣọ̀pọ̀nná àti àrùn tó ń mú ẹsẹ̀ ọmọ tẹ̀. Ó yẹ eyín tí kò tíì hù wò lára òkú ọmọdé, ó bá àmì náà níbẹ̀. Òun náà ló ní bí àyè ò bá tó, kí wọ́n máa yọ eyín àkọ́hù lẹ́sẹẹsẹ, kí èyí tó ń bọ̀ lè ráyè dúró. Àwa a ní ọmọ ń káyín. Lójú tèmi, bí ẹni ká èso ni: ohun tó gbó là ń ká, torí eyín àkọ́hù ló ń di àyè mú fún àtẹ̀lé rẹ̀.

Èyí tó kù yá. Ní 1890, Willoughby Miller, oníṣègùn eyín ọmọ Amẹ́ríkà, fi hàn pé ásíìdì tí kòkòrò àìfojúrí ń ṣe láti ara ṣúgà ló ń jẹ eyín. Kòkòrò Bábílónì gba ọ̀nà mìíràn padà wá. Ní 1945, wọ́n fi fluoride, èròjà tí kì í jẹ́ kí eyín tètè jẹrà, sómi ìlú Grand Rapids, l'Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni Norna Hall, oníṣègùn eyín ní Scotland, bẹ̀rẹ̀ sí í fi adé irin bo eyín àkọ́hù tó lu, láìgbẹ́ ẹ. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa ń géyín mọ́ adé náà kó lè jókòó. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí abẹ.