Aginjù Íjíbítì Ni Àdúrà Ìdákẹ́jẹ́ Ti Ṣẹ̀ Wá

Tẹ́nì kan bá tún sọ fún yín pé àdúrà ìdákẹ́jẹ́, èyí téèyàn á kàn jókòó jẹ́ẹ́ síwájú Ọlọ́run láìtọrọ nǹkan kan, pé láti Íńdíà làwọn òyìnbó ti gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní nǹkan bí ọdún 1970, ẹ bi í pé kí wá ni Antony, mọ́ńkì tó fi ayé sílẹ̀ torí àdúrà, ń ṣe nínú aginjù Íjíbítì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta. Ọmọ Áfíríkà ni Antony. Ilẹ̀ Áfíríkà ló jókòó sí. Kí la wá ń dákẹ́ sí?

Nǹkan bí ọdún 251 ni wọ́n bí i. Àwọn òbí ẹ̀ rí jájẹ, wọ́n ní ilẹ̀ oko tó dáa, ìgbà tí wọ́n kú ó ku òun àti àbúrò ẹ̀ obìnrin. Lọ́jọ́ kan ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ka Mátíù orí 19 lọ́wọ́, ibi tí Jésù ti ní kí ọ̀dọ́kùnrin olówó yẹn lọ ta gbogbo ohun tó ní kó sì pín in fún àwọn tálákà. Antony gbà pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ó pín ilẹ̀ fún àwọn ará abúlé, ó ta àwọn ẹrù tó kù, ó fi àbúrò ẹ̀ sọ́wọ́ àwọn wúńdíá tó fi ayé wọn fún Olúwa, ó bá lọ ń kọ́ àdúrà lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan ní abúlé kejì tó ti ń dá gbé látìgbà èwe ẹ̀.

Bàbá arúgbó yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí o, torí Bíṣọ́ọ̀bù Athanasius tó kọ ìtàn yìí ò dárúkọ ẹ̀. Ta ló kọ́ òun náà? Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní, Philo, òǹkọ̀wé Júù ará Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Júù kan wà létí adágún Mareotis, lẹ́yìn ìlú yẹn, ọkùnrin àti obìnrin, kálukú nínú ilé kékeré tiẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń dá ka Ìwé Mímọ́ tí wọ́n ń ṣàṣàrò, ọjọ́ keje ni wọ́n máa ń pàdé. Eusebius, tó kọ ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì, tiẹ̀ sọ pé Kristẹni ni wọ́n, mi ò bá a lọ débẹ̀, Júù ni wọ́n. Àmọ́ Íjíbítì náà kọ́ yẹn ni? Lójú tèmi, àṣà yẹn ò kú, abúlé kan ló ń gbé e fún èkejì lẹ́bàá odò Náílì títí ó fi kan bàbá arúgbó yẹn. Àwọn tó ní ọ̀dọ̀ Plotinus ọlọ́gbọ́n Gíríìkì ni àdúrà yìí ti wá, Íjíbítì náà la gbọ́ pé wọ́n ti bí Plotinus, ó tán.

Ẹ wo bí àwọn mọ́ńkì aginjù ṣe ń ṣe é. Ọkàn Antony pòrúurùu nínú aginjù, gbogbo nǹkan sú u, ló bá rí ẹnì kan tó jọ òun alára tó jókòó tó ń hun okùn, ó dìde gbàdúrà, ó tún jókòó hun okùn. Iṣẹ́ ọwọ́ àti àdúrà, wọn ò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń hun agbọ̀n àti ẹní tí wọ́n ń tà, búrẹ́dì gbígbẹ tí wọ́n rẹ sómi ni oúnjẹ wọn, iyọ̀ díẹ̀ ni ọbẹ̀. Ìyá Synkletike, obìnrin tó fi ọrọ̀ sílẹ̀ ní Alẹkisáńdíríà, sọ pé ẹni tó wà láàrin èrò lè dá wà nínú ọkàn ẹ̀, ẹni tó sì ń dá gbé lè wà láàrin èrò ìrònú ara ẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n ń sá fún èèyàn o. Antony fúnra ẹ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ ọmọnìkejì wa ni ìyè àti ikú wa wà. Bàbá Moses ará Ẹ̀tíópíà, olè ni tẹ́lẹ̀ kó tó di mọ́ńkì. Wọ́n ránṣẹ́ pè é kó wá dá arákùnrin kan tó ṣẹ̀ lẹ́jọ́, ó gbé ìkòkò omi tó ń jò dání, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ òun ló ń ṣàn lẹ́yìn òun tí òun ò rí i yẹn, òun ló wá ń bọ̀ wá dá ẹlòmíì lẹ́jọ́. Wọ́n dárí ji arákùnrin náà. Ibi tí ìdákẹ́jẹ́ ń gbé èèyàn dé nìyẹn, ìfẹ́.

Àwọn ará wa kan ní àdúrà tí ò la ohùn lọ kì í ṣe ti Áfíríkà, pé ẹ wo orí òkè àdúrà wa, ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe ń mì tìtì. Èmi náà fẹ́ràn orí òkè, àmọ́ Sketis, aginjù àwọn mọ́ńkì ní Íjíbítì tí wọ́n ń pè ní Wadi El Natrun báyìí, Áfíríkà ni.

Ibẹ̀ náà ni Cassian, mọ́ńkì kan tó wá láti òkèèrè, lọ kẹ́kọ̀ọ́. Bàbá Isaac kọ́ ọ pé ẹsẹ kan péré ni kó máa tún sọ tọ̀sán-tòru, Orin Dáfídì 70 ẹsẹ kìíní, pé kí Ọlọ́run yára wá gbani. Nǹkan bí ọdún 415 ló ti wà ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ló ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, Benedict, tó kọ òfin fáwọn mọ́ńkì ní Ítálì, wá ní káwọn mọ́ńkì òun máa ka ìwé Cassian, bó ṣe tàn ká Yúróòpù nìyẹn. Augustine, ọmọ Áfíríkà tó di gbajúmọ̀ olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ńkọ́? Ponticianus, ọmọ Áfíríkà bíi tiẹ̀, ló sọ ìtàn Antony fún un ní Milan lọ́dún 386, ìtàn yẹn ò sì jẹ́ kó gbádùn títí tó fi yí padà.

Èyí tó kù, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ní 1373 Julian ará Norwich, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, rí nǹkan kékeré bíńtín ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ nínú ìran, wọ́n ní gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá nìyẹn, ìfẹ́ Ọlọ́run ni ò jẹ́ kó parẹ́. Thomas Merton, mọ́ńkì kan ní Amẹ́ríkà, dúró ní ìkóríta kan ní Louisville ní March 18, 1958, ó rí i pé òun fẹ́ràn gbogbo àjèjì tó ń kọjá. Fàdá Keating àtàwọn mọ́ńkì ẹ̀ ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà náà, sọ àdúrà ìdákẹ́jẹ́ di ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń rí, torí odò kan náà ni wọ́n ti ń mu. John Main, mọ́ńkì táwọn tó ní Íńdíà ni àdúrà yìí ti wá máa ń dárúkọ, lóòótọ́ ló kọ́kọ́ kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹlẹ́sìn Híńdù kan ní Malaya, àmọ́ nígbà tó ka Cassian, òun fúnra ẹ̀ rí i pé ó ti wà nínú ilé tipẹ́.

Ní 1950, Fàdá Tansi, ọmọ Igbo, kúrò ní Nàìjíríà lọ di mọ́ńkì ní Mount Saint Bernard nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú ní 1964, Póòpù sì kà á mọ́ àwọn Alábùkún ní 1998. Ohun tí Cassian gbé kúrò ní Áfíríkà ló lọ bá níbẹ̀. Ilé mọ́ńkì mẹ́rin ṣì ń gbàdúrà ní Wadi El Natrun lónìí, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ orúkọ Makarios tó tẹ ibẹ̀ dó.