Abẹ́rẹ́ àjẹsára mRNA

Abẹ́rẹ́ àjẹsára mRNA jẹ́ irú abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kì í gbé kòkòrò àrùn wọ inú ara. Ohun tó ń gbé wọlé ni ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì yóò tẹ̀ lé láti fúnra rẹ̀ ṣe ẹyọ prótéìnì kan lára kòkòrò náà. Inú RNA ońṣẹ́, tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní mRNA, ni wọ́n kọ ìlànà yìí sí. Tí ara bá ti rí prótéìnì náà, yóò mọ̀ ọ́n sí àjèjì, yóò sì kọ́ bí a ṣe ń gbógun tì í. mRNA kì í wọ kókó sẹ́ẹ̀lì, níbi tí DNA wà. Ìta kókó náà ló ti ń ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì kì í sì í pẹ́ tú u ká.

Àjẹsára COVID-19 ti Pfizer àti BioNTech, pẹ̀lú ti Moderna, ló sọ irú abẹ́rẹ́ yìí di mímọ̀ káàkiri ayé ní òpin ọdún 2020.

## Ìtàn ní ṣókí

Ọdún 1961 ni wọ́n ṣàwárí mRNA. Ní 1984, Paul Krieg, Douglas Melton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Harvard fi ẹ́ńsáìmù SP6, tó wá láti ara fáírọ́ọ̀sì, ṣe mRNA tó ṣiṣẹ́ láìlo sẹ́ẹ̀lì. Ní 1990, ikọ̀ kan ní Yunifásítì Wisconsin gún mRNA sínú iṣan eku, iṣan náà sì ṣe prótéìnì tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Síbẹ̀, fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, díẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ náwó lé e lórí. Ìdí rẹ̀ kò ju méjì lọ: mRNA tí a fọwọ́ ṣe máa ń mú kí ara wú kí ó sì gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ bàjẹ́ kó tó dé ibi tí à ń rán an lọ.

Katalin Karikó àti Drew Weissman ní Yunifásítì Pennsylvania ló rí ojútùú sí ìṣòro àkọ́kọ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2005, wọ́n fi hàn pé tí a bá fi èròjà bíi pseudouridine rọ́pò uridine, ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà mẹ́rin inú mRNA, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tí ń jẹ́ TLR kì í fura sí i mọ́. Ní 2008, wọ́n tún rí i pé prótéìnì tó ń jáde láti inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àwọn olùwádìí ní Ghent, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, jábọ̀ ní 2015 pé N1-methylpseudouridine tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì wà nínú àjẹsára Pfizer àti ti Moderna. Karikó àti Weissman gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní 2023.

Ìṣòro kejì, kẹ́mísìrì ọ̀rá ló yanjú rẹ̀. Àwọn aráàlú kì í sábà gbọ́ nípa apá yìí, ṣùgbọ́n ó jọ pé òun ló dá iṣẹ́ náà dúró pẹ́ jù.

## Ṣíṣe mRNA

DNA ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi ìlànà prótéìnì náà sínú plasmid, ìyẹn òrùka DNA kékeré, wọ́n á jẹ́ kí bakitéríà E. coli sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹ́ńsáìmù gé òrùka náà kí ó di okùn tó ní ìpẹ̀kun. Tí gígé náà kò bá délẹ̀, ẹ́ńsáìmù tó ń kọ RNA kò ní mọ ibi tí yóò dúró sí, RNA tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ ni yóò sì máa jáde.

Kíkọ RNA máa ń wáyé ní 37 °C fún nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́rin. T7 RNA polymerase ni ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń lò jù. Wọ́n á fi nukiliótáìdì mẹ́rin (àwọn lẹ́tà tí a fi ń kọ RNA), iyọ̀ magnesium àti èròjà tó ń dí RNase lọ́wọ́ sínú omi náà. RNase, tó ń jẹ RNA run, wà lára awọ ọwọ́, nínú itọ́ àti nínú eruku, nítorí náà ìbọ̀wọ́ tí ènìyàn fi kan ìlẹ̀kùn kò gbọdọ̀ tún kan ìgò. Wọ́n tún máa ń bu pyrophosphatase, ẹ́ńsáìmù tó ń tú pyrophosphate ká, díẹ̀ sí i. Nukiliótáìdì kọ̀ọ̀kan tó bá so mọ́ RNA ń tú pyrophosphate kan sílẹ̀, èyí á di magnesium mú, méjèèjì á sì sọ̀ kalẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun. Tí omi inú ìgò bá ti ń ṣú funfun, magnesium ti ń tán lọ́wọ́ polymerase nìyẹn, iṣẹ́ sì ti ń falẹ̀.

mRNA tó pé ní ìdérí lórí, ìlànà prótéìnì láàárín, apá kan tí ráíbósóòmù (ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ka mRNA láti ṣe prótéìnì) kì í kà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ìlànà náà, àti ìrù tó jẹ́ kìkì adenosine, ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà RNA. Tí kò bá ní ìdérí, ráíbósóòmù kì í sábà kà á, ara á sì tún fura sí i. Ti Pfizer jẹ́ nukiliótáìdì 4,284. Ìrù rẹ̀ jẹ́ adenosine 30, lẹ́yìn náà nukiliótáìdì 10 mìíràn, kí adenosine 70 tó tẹ̀ lé e. Wọ́n là á sí méjì bẹ́ẹ̀ nítorí pé E. coli máa ń gé ìrù adenosine gígùn kúrú nígbà tó bá ń sọ plasmid di púpọ̀.

Lẹ́yìn èyí, DNase á jẹ DNA tó kù, wọ́n á sì sẹ́ RNA náà mọ́. Ìdọ̀tí tó burú jù níbẹ̀ ni RNA oníokùn méjì. T7 máa ń yíjú padà nígbà mìíràn, á sì kọ okùn kejì tó bá èkíní mu. RNA oníokùn méjì sì ni ara fi ń dá ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì mọ̀, nítorí náà ìwọ̀nba kékeré rẹ̀ lè ba èrè pseudouridine jẹ́. HPLC, ọ̀nà tí a fi ń ya èròjà inú omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni Karikó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi yọ ọ́ kúrò ní 2011. Ní 2019, wọ́n rí ọ̀nà tó rọrùn jù: nínú omi búfà (omi tí kíkan rẹ̀ kì í tètè yí padà) tí ethanol inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún, RNA oníokùn méjì máa ń lẹ̀ mọ́ cellulose, oníokùn kan á sì ṣàn kọjá.

## Ọ̀rá tó ń gbé mRNA

mRNA tóbi, iná nẹ́gẹ́tíìfù sì wà lára fọ́sífétì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò lè fúnra rẹ̀ la awọ ọlọ́ràá ara sẹ́ẹ̀lì kọjá. Ọ̀rá mẹ́rin ni wọ́n fi ń bò ó: ọ̀rá amúná, ìyẹn èyí tí iná ara rẹ̀ ń yí padà bí pH (ìwọ̀n kíkan omi) ṣe ń yí, DSPC (ọ̀rá onífọ́sífétì), cholesterol, àti ọ̀rá tí wọ́n so PEG (okùn mólékù tó fẹ́ràn omi) mọ́. Pieter Cullis àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Vancouver, ní Kánádà, wà lára àwọn tó tún ọ̀nà yìí ṣe fún ọdún púpọ̀. Onpattro, tó gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ni oògùn àkọ́kọ́ tó lò ó, siRNA, ìyẹn RNA kúkúrú tó ń pa jínì lẹ́nu mọ́, ló sì wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n mólékù ọ̀rá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú rẹ̀ jẹ́ 50, 10, 38.5 àti 1.5 bí a ṣe tò wọ́n yìí. Moderna kò yà kúrò lórí ìwọ̀n yìí, SM-102 ni ọ̀rá amúná tirẹ̀. Ti Pfizer ni ALC-0315.

Ọ̀rá amúná ni ọkàn gbogbo ètò yìí. pKa rẹ̀, ìyẹn pH tí ìdajì rẹ̀ ti ń ní iná, gbọ́dọ̀ wà láàárín 6 sí 7. Ti MC3, ọ̀rá amúná inú Onpattro, jẹ́ nǹkan bíi 6.4. Ní pH 4, nàìtrójìn rẹ̀ á gba háídrójìn, á ní iná pọ́sítíìfù, á sì gbá mRNA mọ́ra. Ní pH 7.4, tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, iná náà á kúrò, ewu rẹ̀ á sì dín kù. Ọ̀rá àtijọ́ tí iná rẹ̀ kì í kúrò máa ń ṣe sẹ́ẹ̀lì léṣe. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá gbé èérún náà, ìyẹn ọ̀rá pẹ̀lú mRNA inú rẹ̀, mì sínú endosome, àpò kékeré inú sẹ́ẹ̀lì, pH á tún wálẹ̀, iná á padà, ọ̀rá náà á so mọ́ ọ̀rá ara endosome, á sì tú awọ rẹ̀ kí mRNA lè bọ́ síta. Ọ̀pọ̀ kì í ráyè bọ́: nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi siRNA ṣe ní 2013, ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló jáde. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibí ni àǹfààní tó pọ̀ jù ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ dín ìwọ̀n oògùn kù.

Pípò wọ́n pọ̀ fẹ́ ìyára. Àwọn ọ̀rá á wà nínú ethanol, mRNA á wà nínú búfà citrate tàbí acetate tí pH rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4, wọ́n á sì fi pọ́ọ̀mpù ti méjèèjì pàdé ara wọn nínú ojú ihò tóóró, ethanol ìdá kan sí omi ìdá mẹ́ta. Nàìtrójìn ọ̀rá amúná sábà máa ń tó ìlọ́po mẹ́fà fọ́sífétì mRNA. Ethanol gbọ́dọ̀ là kí àwọn ọ̀rá tó máa kóra jọ. Tí pọ́ọ̀mpù bá lọ́ra, tàbí tí ó ń fò, èérún ńlá àti kékeré á dàpọ̀. Lẹ́yìn pípò, wọ́n á yọ ethanol kúrò, wọ́n á sì gbé pH sókè sí 7.4. Kò yẹ kí wọ́n fi èyí falẹ̀, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí ethanol bá ṣì wà níbẹ̀, àwọn èérún náà á máa dà pọ̀ mọ́ra wọn.

Èérún tó dára sábà máa ń wà láàárín 60 sí 100 nm, PDI rẹ̀, ìwọ̀n bí ìtóbi wọn ṣe yàtọ̀ síra, kì í sì í kọjá 0.2. Àwọ̀ RiboGreen, tó ń tàn tó bá kan RNA, ni wọ́n fi ń mọ iye mRNA tó wọ inú ọ̀rá: wọ́n á kọ́kọ́ wo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láìfi Triton X-100 sí i, wọ́n á tún wò ó lẹ́yìn tí Triton bá ti tú ọ̀rá ká. Ìyàtọ̀ méjèèjì, tí a fi èkejì pín, ni iye tó wà nínú, wọ́n sì ń fẹ́ kó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èérún tó bá tóbi jù máa ń dí asẹ́ 0.22 µm tí wọ́n fi ń yọ kòkòrò, púpọ̀ nínú oògùn á sì ṣòfò sórí asẹ́.

PEG kì í jẹ́ kí èérún lẹ̀ mọ́ra. Bó bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ gbà á wọlé. Àwọn kan ti fura pé òun ló ń fa ìbínú ara líle tó máa ń bá ènìyàn díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tíì yanjú.

## Bí ó ṣe ń bàjẹ́

Ọ́síjìn àti háídrójìn tó wà ní ipò 2′ lára ṣúgà RNA lè kọlu fọ́sífétì tó wà nítòsí rẹ̀, kí okùn sì já. Magnesium àti omi tí pH rẹ̀ ga ń mú èyí yá. Níbi tí nukiliótáìdì ti ju 4,000 lọ, jíjá ẹyọ kan ti tó láti sọ gbogbo mólékù náà di aláìwúlò.

Ìbàjẹ́ mìíràn fara sin ju èyí lọ. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ní Moderna jábọ̀ pé ọ̀rá amúná tí ọ́síjìn bá bà jẹ́ máa ń di N-oxide, èyí á sì já sí aldehyde tó ń so mọ́ mRNA. Gígùn okùn náà kò yí padà, nítorí náà àyẹ̀wò tó ń wo gígùn nìkan á sọ pé kò sí ohun tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ ráíbósóòmù kò lè kà á mọ́. HPLC oní-ion-pair ló fi í hàn, gẹ́gẹ́ bí òkè tó ń jáde lẹ́yìn mRNA gidi. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é fi ń yẹ ọ̀rá wò fínnífínní kí wọ́n tó rà á, tí wọ́n sì ń pa á mọ́ sínú otútù, kúrò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò wọ́n, àjẹsára Pfizer gbọ́dọ̀ wà láàárín −90 °C sí −60 °C. Moderna fara da −25 °C sí −15 °C, ó sì lè lo ọgbọ̀n ọjọ́ nínú fíríìjì. Ìgò Pfizer ìgbà náà fẹ́ omi iyọ̀ 1.8 mL, láti mú abẹ́rẹ́ mẹ́fà jáde, 0.3 mL ní ìkọ̀ọ̀kan, tí mRNA inú rẹ̀ jẹ́ 30 µg. Yíyí ìgò lórí kodò jẹ́jẹ́ ní ìgbà mẹ́wàá ni ìlànà wí, a kò gbọdọ̀ gbọ̀n ọ́n, nítorí pé ibi tí afẹ́fẹ́ àti omi ti pàdé ni èérún ti ń fọ́ tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ra. Èyí tó bá ti yọ́, a kì í dá a padà sínú fíríìsà.

## Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Ọ̀nà tí a lè gbà kọ mRNA fún prótéìnì ṣóńṣó fáírọ́ọ̀sì COVID-19 kọjá kíkà: iye rẹ̀ tó nǹkan bíi 10⁶³². LinearDesign, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé jáde ní 2023, yá ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń tú gbólóhùn èdè palẹ̀, ó sì rí èyí tó ká mọ́ra jù lọ láàárín ìṣẹ́jú 11. Nínú eku, agbára ìgbógunti àrùn tó ti ara rẹ̀ jáde tó ìlọ́po 128 ti ọ̀nà àtẹ̀yìnwá ní ibi tó ti ga jù.

Fún yíyan ọ̀rá, wọ́n ń lo ètò kọ̀ǹpútà tó jọ irú èyí tí ń dábàá fídíò fún òǹwòran: a fún un ní àbájáde àwọn ọ̀rá tí a ti dán wò, òun á to èyí tí a kò tíì ṣe bí ó ṣe rò pé yóò dára sí. Àìlera kan náà ló sì wà lára méjèèjì. Ọ̀rá tí ìrísí rẹ̀ kò jọ èyíkéyìí tó ti rí, àbá lásán ló ń dá nípa rẹ̀. Àwọn ọ̀rá tó kùnà kì í sì í sábà jáde nínú ìwé ìwádìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ṣiṣẹ́ nínú àwo sẹ́ẹ̀lì lè má ṣiṣẹ́ lára ẹranko.

## Ìdánwò lára ènìyàn

Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ jínì fáírọ́ọ̀sì COVID-19 jáde ní oṣù kìíní 2020. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta, ẹni àkọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ Moderna. Nínú ìdánwò ńlá, Pfizer dènà àìsàn dé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, Moderna dé ìdá 94.1. CureVac, ilé-iṣẹ́ àjẹsára mRNA mìíràn tó lo uridine lásán ní 12 µg, kò kọjá ìdá 48. Àwọn kan ka èyí sí ẹ̀rí fún pseudouridine, ṣùgbọ́n ìwọ̀n oògùn àti àwọn ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì tó ń jà nígbà náà yàtọ̀, nítorí náà ìfiwéra náà kò mọ́ tán.

Ìrora apá, ibà àti àárẹ̀ wọ́pọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Wíwú iṣan ọkàn ṣọ̀wọ́n, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ń bá jù, pàápàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì.

## Lẹ́yìn COVID-19

Ní oṣù karùn-ún 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àjẹsára mRNA Moderna fún RSV, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn èémí. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kọkànlá 2023, Jàpáànì ti fọwọ́ sí ARCT-154, àjẹsára COVID-19 tí mRNA inú rẹ̀ ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ìdí sì nìyí tí 5 µg fi tó o.

Ní oṣù kejìlá 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge fi hàn pé N1-methylpseudouridine lè mú kí ráíbósóòmù yọ̀ síwájú ní ìṣísẹ̀ kan ní àwọn ibi kan lórí mRNA, kí prótéìnì tí a kò pète sì jáde. Wọn kò rí ìpalára kankan tó ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ àwọn lẹ́tà tó wà níbi tí ráíbósóòmù ti ń yọ̀ náà fún òmíràn tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀, prótéìnì àṣìṣe náà dín kù.