Kí là ń pè ní kòkòrò eyín?

"Kòkòrò ló ń jẹ ẹ́ léyín." Ohun tí ìyá àgbà máa ń sọ nìyẹn bí ọmọ bá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú tó ń sunkún, ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, títí dé Òmù-Àrán. Òótọ́ ni, àmọ́ kòkòrò náà kì í ṣe aràn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi aràn hàn yín lórí òwú pé inú eyín ọmọ yín lòun ti fà á yọ, ẹ má gbà á gbọ́.

Kòkòrò àìfojúrí ni. Ògbólógbòó inú wọn ni Streptococcus mutans, tí dókítà J. Kilian Clarke ṣàpèjúwe ní London ní 1924. Wọn kì í bí i mọ́ ọmọ. Ẹnu àwa àgbà ni ọmọ ti ń kó o, bíi kí a fi ẹnu tọ́ ògì wò lójú ṣíbí ká tó fún un. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bó bá ti jẹ ẹ́ tán, omi kíkan ló ń tú sílẹ̀, irú ìkan kan náà tó wà nínú omi orí ògì. Omi kíkan yìí ló ń yọ́ ara eyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara eyín le ju egungun lọ.

Itọ́ ẹnu ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó nílò bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Ẹ wá wo ọmọ tó mu ògì oníṣúgà láàárọ̀, tó jẹ bisikí lójú ọ̀nà, tó ń lá bàbá dúdú nígbà ìsinmi, tó mu sóbò nígbà tí wọ́n jáde, tó tún fi tíì sùn. Ìgbà wo ni itọ́ fẹ́ ráyè? Iye ìgbà tí ṣúgà ń kan eyín lóòjọ́ ló léwu ju bí ṣúgà náà ṣe pọ̀ tó lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fún un ní àdídùn pẹ̀lú oúnjẹ, kó jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó ń dùn mí jù ni "eyín ọmọdé ni, yóò sáà yọ." Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6, nígbà tó wà ní pírámárì kìíní, eyín ńlá mẹ́rin máa ń hù lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé, láìjẹ́ pé eyín kankan yọ ṣáájú wọn. Òbí kì í fura. Eyín àgbà ni wọ́n, kò sí òmíràn tí yóò hù rọ́pò wọn, orí wọn sì ní kòtò tí oúnjẹ ń há sí.

Bí ẹ bá rí àpá funfun bí ẹfun lẹ́bàá ìdí eyín, kò tíì lu. Ó ṣì lè san. Bó bá ti di ihò, dókítà eyín nìkan ló lè dí i.

Pákò tí àwọn àáfà wa ń gbà wá níyànjú lé lórí ń fọ eyín dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride (èròjà tó ń mú ara eyín le) kún un láàárọ̀ àti kí ọmọ tó sùn, nítorí itọ́ máa ń dínkù lójú oorun. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan tó fún ọmọ ọdún 3 sí 6. Ẹ bá a fọ̀ ọ́ títí yóò fi tó ọmọ ọdún 7. Kó tu ìfófò rẹ̀ dànù, kó má fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.