Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Cue Sheet Yín?

Gbogbo ìgbà ni olórin máa ń pè mí pé fíìmù tí òun ṣe orin sí ti ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ òkèèrè, àmọ́ kọ́bọ̀ ò tíì tẹ òun lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: "Ta ló kọ cue sheet, ìwé tó to gbogbo orin inú fíìmù àti ẹni tó kọ wọ́n?" Wọ́n á dákẹ́, tàbí kí wọ́n ní pùròdúsà ló mọ̀ sí ìyẹn. Iṣẹ́ mi ni láti bá olórin tọ owó rẹ̀ lẹ́yìn, kò sì sí ohun tó ń bí mi nínú tó ìdáhùn yẹn.

Owó tí pùròdúsà kà sí yín lọ́wọ́, owó iṣẹ́ ni. Rọ́yátì, owó tí ẹni tó kọ orin ń gbà nígbà tí wọ́n bá ń lo orin rẹ̀, yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń fi fíìmù han aráyé ló ń san ìyẹn fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin: MCSN lọ́dọ̀ wa níbí, PRS ní Ìlú Ọba, SACEM tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1851 ní Faransé, ASCAP àti BMI ní Amẹ́ríkà. Àwọn ẹgbẹ́ tó bá ní àdéhùn láàárín ara wọn máa ń fowó ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ má retí nǹkan kan láti ilé sinimá Amẹ́ríkà o. Láti ìgbà tí ASCAP ti pàdánù ẹjọ́ sọ́wọ́ àwọn onísinimá ní New York lọ́dún 1948, wọn kì í san rọ́yátì orin inú fíìmù níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wọn ń san án, sinimá ilẹ̀ Yúróòpù náà ń san án.

Báwo wá ni ẹgbẹ́ kan ní Paris ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe orin fíìmù Yorùbá kan? Cue sheet nìkan ni. Ìwé kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni owó ń tẹ̀ lé. Ẹ wo ìlà kan nínú ọ̀kan tí mo kọ: 2M3, Ẹkún Ìyàwó, 1:12, BI. Orin kẹta nínú apá kejì fíìmù, orúkọ rẹ̀, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá méjìlá, BI sì ni background instrumental, orin tó ń dún lábẹ́ eré tí kò ní ohùn ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́, nọ́ńbà IPI rẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹni tó kọ orin mọ̀ káàkiri àgbáyé), ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ìdá tó kàn án.

BI yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí gángan bá ń dún lábẹ́ ẹkún, BI ni. Bí a bá rí onígangan fúnra rẹ̀ níbi ìnáwó, tó ń lù ú fún wa láti wò, VI (visual instrumental) ni, àwọn ẹgbẹ́ bíi ASCAP sì máa ń san ju ti BI lọ fún un. Mo ti rí cue sheet tí wọ́n kọ BI sí láti òkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ odindi ẹgbẹ́ fújì wà nínú fíìmù náà tí wọ́n ń kọrin lójú agbo! Orúkọ náà ńkọ́? Ẹ ò lè jẹ́ "Wálé Keys" nínú cue sheet, kí ẹ wá jẹ́ orúkọ bàbá yín lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà IPI fi wà.

Àwọn kan wà lórí WhatsApp tó ń gbowó lọ́wọ́ yín pé àwọn yóò "forúkọ orin yín sílẹ̀ káàkiri àgbáyé". Ẹ bi wọ́n léèrè kí ni IPI, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa pòórá. Òmíràn á ní kí ẹ fi orin sínú àpòòwé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín, pé kọ́píráìtì nìyẹn. Irọ́ ni. Orin di tiyín látìgbà tí ẹ ti gbà á sílẹ̀. Ti pé ẹnikẹ́ni lè lo ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sí ní Amẹ́ríkà. Owó Spotify tí wọ́n ń san fún yín náà kò kan ti fíìmù, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló ń gbà wá.

Ọmọkùnrin kan láti Ìbàdàn ló dá ṣe gbogbo orin fíìmù kan, ó lu dùùrù, ó lu gángan. Nígbà tí mo ní kó mú ìwé àdéhùn wá, ó ní, "Mà, ẹ̀gbọ́n mi ni pùròdúsà yẹn, mi ò lè ní kó buwọ́ lùwé." Fíìmù náà rìn jìnnà. Ìgbà tí mo rí cue sheet rẹ̀ gbà, orúkọ ìyàwó pùròdúsà ló wà níbi ẹni tó kọ orin, láti ìlà kìíní dé ìlà tó kẹ́yìn. Mo pe ẹ̀gbọ́n. Kò tilẹ̀ tijú: "Ṣebí èmi ni mo sanwó orin?"

Ó gba ohun tó ń sọ gbọ́, ohun tó sì bà mí lọ́kàn jẹ́ nìyẹn. Òfin Nàìjíríà ní kò sí ẹni tó lè gba kọ́píráìtì ẹlòmíràn láìsí ìwé. Ìwé tí ọmọ náà tìtorí ọ̀wọ̀ kọ̀ láti béèrè, ẹ̀gbọ́n náà ò ní in. A kó fáìlì orin àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe wọ́n jáde, ẹgbẹ́ sì tún orúkọ náà ṣe. Ṣùgbọ́n gbèdéke wà fún ẹ̀sùn owó tí wọ́n ti pín kọjá, ọ̀pọ̀ nínú owó náà sì ti lọ. Títí di òní, àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn.

Nítorí náà, ẹ wọ ẹgbẹ́ kí ẹ tó buwọ́ lùwé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti wà nínú PRS, PRS ló ti gbé ẹ̀tọ́ yẹn lé lọ́wọ́, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láti tà fún pùròdúsà. Bí wọ́n bá gbé buyout wá, ìyẹn àdéhùn pé kí ẹ gba owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ sì fi gbogbo ẹ̀tọ́ sílẹ̀, ẹ ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ owó ẹni tó kọ orin, kí ẹ sì ní kí wọ́n yọ ọ́. Kí ẹ tó gba owó tó kù, ẹ gba fíìmù tí wọ́n ti gé tán, ẹ jókòó tì í pẹ̀lú aago, ẹ kọ cue sheet náà fúnra yín, kí pùròdúsà buwọ́ lù ú, kí ẹ̀dà kan dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ yín. Bí wọ́n bá tún fíìmù gé lẹ́yìn náà, ẹ tún un kọ.